Ṣé ìwé àdéhùn ECOWAS lè ní kí ìjọba má lé àlejò? Ẹ jẹ́ ká tú u wò

ỌmọṢọ̀ún
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí àwọn kan ti gbé pátákó "Nigerians must go" kiri ní Accra lóṣù keje ọdún 2025, àríyànjiyàn kan náà ló ń lọ níbi gbogbo. Apá kan ní ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti sọ wá di ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè lé wa. Apá kejì ní onílẹ̀ ló nilẹ̀, ẹni tó bá wù ú ló lè lé. Ó jọ pé apá méjèèjì kò ka ìwé náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa tú u: kí ni ìwé yẹn fún wa gan-an, kí ni kò fún wa, kí ló sì ń bàjẹ́ nígbà téèyàn bá dé bọ́dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ará Gánà níbí. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe tí Nàìjíríà kò ṣe rí.

Lọ́yàÌbarà
Ẹ ṣé, ọmọ Ṣọ̀ún. Ní Dakar, 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí gbogbo wa ń pariwo rẹ̀, èyí tó dá lórí ìrìn àti ìgbélùú láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS. Ẹ̀tọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n ní ìpele mẹ́ta, ọdún márùn-ún fún ìkọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni wíwọ̀lú láìgba físà. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára lè wọlé, kó sì lo 90 ọjọ́. Bó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Èkejì ni gbígbé ìlú àti ṣíṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1986. Ẹ̀kẹta ni dídá òwò tàbí ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ti 29 oṣù karùn-ún 1990.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá ni abala kẹrin ìwé 1979. Ó sọ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣì lè dá ẹni tí òfin abẹ́lé rẹ̀ kò fàyè gbà padà lẹ́nu ibodè. Ẹnu ọ̀nà ṣì wà lọ́wọ́ onílé, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ìwé náà dè ni ọwọ́ tí onílé fi ń tì èèyàn síta lẹ́yìn tó ti wọlé. Abala kọkànlá ní bí wọ́n bá fẹ́ lé ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó òun fúnra rẹ̀ létí, kí wọ́n fi tó ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ létí, kí wọ́n sì fi tó ọ́fíìsì àgbà ECOWAS létí. Owó ọkọ̀ tó máa gbé e padà, ìjọba tó lé e ni yóò san án. Ẹ̀mí rẹ̀, ẹbí rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fara pa nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé 1986 wá fi èyí tó le jù kún un: abala kẹtàlá rẹ̀ ní lílé èèyàn lápapọ̀, ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kò bófin mu. Ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹjọ́ tirẹ̀.

BàbáOníkòkó
Lọ́yà, ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́. Ìwé náà gbà pé onílé ló ni ẹnu ọ̀nà. Kí wá ni ariwo? Shagari lé wọn lọ́dún 1983, ayé kò pa rẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Orílẹ̀-èdè tí kò mọ ẹni tó wọlé, tí kò mọ ẹni tó jáde, orúkọ lásán ló kù fún un. Ẹ má sì bínú, bí iṣẹ́ bá tán nílùú, ọmọ onílùú ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹun. Bó ṣe rí lára ará Gánà lónìí ló rí lára wa nígbà yẹn. Ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé lè fọwọ́ pa á rẹ́.

ÌtànỌ̀yọ́
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo gbà pé inú ń bí èèyàn bí iṣẹ́ bá tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ orí àwọn ìwé yìí ká tó fi 1983 ṣe àpẹẹrẹ.

18 oṣù kọkànlá 1969: ìjọba Busia ní Gánà pa àṣẹ Aliens Compliance Order. Àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Nínú àwọn ará Nàìjíríà tó kó ẹrù wálé, Yorùbá ló pọ̀ jù: Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀ffà, Èjìgbò, Ìlọrin. Ìwà tó korò ni, àmọ́ kò fọ́ àdéhùn ECOWAS kankan, torí ECOWAS kò tíì sí. 28 oṣù karùn-ún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó.

17 oṣù kìíní 1983: Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde kó tó di ìparí oṣù náà. Àwọn tó níṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú lọ́wọ́ ní títí di 28 oṣù kejì. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, rògbòdìyàn ẹ̀sìn Maitatsine ti gbẹ̀mí ní Kano àti láwọn ìlú mìíràn, ìdìbò sì ń bọ̀ lóṣù kẹjọ. Ìjọba ní àwọn tó ti kọjá 90 ọjọ́ làwọn ń lé. Lórí bébà, ọ̀rọ̀ wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, torí ìwé ìgbélùú ti 1986 kò tíì jáde. Ibi tí wọ́n ti ṣubú ni abala kọkànlá tí lọ́yà sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, lórí rédíò, fún iye èèyàn tí wọ́n sábà máa ń kọ pé ó tó mílíọ̀nù méjì, tí ju ìdajì wọn jẹ́ ará Gánà! Ta ni wọ́n fi tó létí lọ́kọ̀ọ̀kan? Ta ló sanwó ọkọ̀? Rawlings, olórí Gánà nígbà náà, ti ti bọ́dà Gánà ṣáájú, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ náà wá ti tiwọn kí èrò má bàa há sọ́wọ́ wọn, làwọn èèyàn bá kún Sẹ̀mẹ̀ fọ́fọ́ títí Gánà fi ṣí tirẹ̀ ní 29 oṣù kìíní.

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù: òfin tó sọ ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà di òfin Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 17 oṣù kẹta 1983. Oṣù méjì géérégé lẹ́yìn ìkéde Ali Baba. Abala kejìlá ìwé yẹn ní lílé àjèjì lápapọ̀ nítorí ìlú tí wọ́n ti wá tàbí ẹ̀yà wọn jẹ́ èèwọ̀. Síbẹ̀ ìjọba ológun Buhari tún lé nǹkan bí 700,000 lọ́dún 1985.

Ṣọ́jàSẹ̀mẹ̀
Ẹ̀yin lọ́yà ń sọ abala, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní bọ́dà. Ẹni tó ń ti Èkó lọ Accra lójú títì máa kọjá ààlà mẹ́ta: Sẹ̀mẹ̀ sí Bẹ̀nẹ̀, Hillacondji sí Tógò, Aflao sí Gánà. Ìkọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, ti ìjáde àti ti ìwọlé. Ìyẹn ni pé òǹtẹ̀ mẹ́fà ló yẹ kó wà nínú páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS kékeré nì. Tí ẹ bá débẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ méjì péré, ẹ ti ní ìṣòro, ẹ kò kàn tíì mọ̀ ni.

Ìdí rèé. Ibẹ̀ kún, oòrùn mú, dírébà ń fọn fèrè, aṣojú kan á ní "ẹ mú owó wá, ẹ máa lọ, ẹ má wulẹ̀ sọ̀kalẹ̀." Ẹ̀gúnjẹ náà kì í pọ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń rò pé àwọn ti jèrè àkókò. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ìwọlé ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní pé ẹ wọlé lọ́nà ẹ̀tọ́ àti pé 90 ọjọ́ yín kò tíì pé. Láìsí i, ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ wọlé àti ọdún kejì dọ́gba lójú ímígíréṣọ̀n. Ẹni tó gba inú igbó lórí ọ̀kadà kọjá náà, bákan náà ló rí fún un. Ìgbà tí wàhálà bá dé, irú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó, wọ́n á sì ní àwọn kò fọ́ àdéhùn kankan, torí ẹni tí kò wọlé lọ́nà ẹ̀tọ́ kò sí lábẹ́ ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́:
Ìwé ìrìnnà tó ṣì lọ́jọ́ lórí. NIN tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà kì í ṣe ìwé ìrìnnà.
Yẹ́lò káàdì, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí ìgbà náà ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ni wọ́n ń gbà á báyìí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ tún un gbà lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, òfin àtijọ́ ló ń kà.
Tó bá jẹ́ mọ́tò yín lẹ gbé: láísẹ́ǹsì, ìwé ọkọ̀, Brown Card fún ìdíyelófò, àti ìwé àṣẹ aṣọ́bodè. Mọ́tò ara ẹni ní 90 ọjọ́. Mọ́tò akérò tàbí akẹ́rù, ọjọ́ 15 péré. Ọjọ́ 15 yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ dírébà, torí tí mọ́tò bá dẹnu kọlẹ̀ ní Lomé, ọjọ́ ò dúró.

Àdùkẹ́_Agége
Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́jà, ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè: àwọn tó máa ń jáde lọ sí Lomé lẹ́yìn 89 ọjọ́, tí wọ́n á tún wọlé sí Gánà lọ́jọ́ kejì, ṣé 90 mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ yẹn?

Ṣọ́jàSẹ̀mẹ̀
Ọ̀pọ̀ ń ṣe é, ó sì ń kọjá. Àmọ́ ìwé 1979 kò sọ ọ́ pé ó tọ́, abala kẹrin sì wà níbẹ̀: òṣìṣẹ́ tó bá ṣí ìwé yín tó rí òǹtẹ̀ ìwọlé mẹ́rin nínú ọdún kan lè sọ pé ẹ̀ ń gbélùú lábẹ́ orúkọ àbẹ̀wò, kó dá yín padà. Fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní tòótọ́, kó gba ìwé ìgbélùú. Ní Gánà, àjèjì tó bá kọjá 90 ọjọ́ ní láti gba káàdì ìdánimọ̀ ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Ní Nàìjíríà, káàdì ìgbélùú ECOWAS ni ímígíréṣọ̀n ń fún àwọn ará Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe CERPAC tí wọ́n ń fún òyìnbó àti ará Ṣáínà.

ÒǹtàjàCircle
Ẹ kú làákàyè o. Gbogbo èyí dára fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ní Gánà ni ṣọ́ọ̀bù. Òfin ìdókòwò wọn ti 2013, Act 865, abala 27, to iṣẹ́ tí àjèjì kò gbọdọ̀ ṣe lẹ́sẹẹsẹ: títa ọjà kéékèèké, kíkiri, títajà nínú ọjà, ṣọ́ọ̀bù ìdírí àti ìgẹrun, takisí tí kò bá tó mọ́tò 25, omi inú ọ̀rá, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé, káàdì ìpè, títa oògùn lẹ́yọlẹ́yọ, tẹ́tẹ́ yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù. Abala 28 wá sọ iye owó: tí ará Gánà bá ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ nínú ilé-iṣẹ́, $200,000. Tó bá jẹ́ ti àjèjì pátápátá, $500,000. Tó bá jẹ́ ti kárà-kátà, mílíọ̀nù dọ́là kan, kó sì gba 20 ará Gánà tó mọṣẹ́ síṣẹ́.

Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Suame Magazine ní Kumasi, tàbí fóònù ní Circle ní Accra, níbo ló ti fẹ́ rí mílíọ̀nù dọ́là? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù wa pa lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwé 1990 sì wí pé ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ onílùú ni kí wọ́n fi wò ó. Èwo la máa tẹ̀ lé?

Ohun tí mo rí tó máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni fífi orúkọ ará Gánà bo ṣọ́ọ̀bù. Àjèjì á mú owó wá, ará Gánà á forúkọ sílẹ̀. Ìwé ilé-iṣẹ́ wà lórúkọ ẹlòmíràn, àdéhùn ṣọ́ọ̀bù wà lórúkọ ẹlòmíràn, báńkì náà. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ẹni tó lówó kò ní nǹkan kan tó lè gbé síwájú adájọ́, torí pé ohun tó ṣe fúnra rẹ̀ lòdì sófin.

BàbáOníkòkó
Ṣé ẹ rí i? Ará Gánà ṣe òfin fún ọmọ wọn, ó dára bẹ́ẹ̀. Àwa náà ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Kí ni ìwà omùgọ̀ wa ní ti pé àwa nìkan la ń tẹ̀ lé àdéhùn?

Lọ́yàÌbarà
Àwa nìkan kọ́, Bàbá; mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ìbéèrè òǹtàjà ni kí n kọ́kọ́ dáhùn: ó dá lórí ìlú tí adájọ́ náà ti ń dájọ́.

Ní Nàìjíríà, abala 12 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 sọ pé àdéhùn tí a bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin àyàfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì kan ohun tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fìdí èyí múlẹ̀ lọ́dún 2000 nínú ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi: ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà lágbára nítorí wọ́n ti sọ ọ́ di òfin, ó tiẹ̀ lágbára ju òfin yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò ga ju òfin orílẹ̀-èdè lọ. Èyí tí wọn kò bá sọ di òfin, ààrẹ lè fọwọ́ sí i ní ìgbà ogún, adájọ́ Ìkẹjà kò ní kà á kún.

Gánà fara jọ wa. Abala 75 tiwọn ní ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn tí ààrẹ bá ṣe. Wọ́n sì dán an wò. Lóṣù kìíní 2016 ìjọba wọn gba ẹlẹ́wọ̀n méjì láti Guantánamo, ọgbà ẹ̀wọ̀n ológun Amẹ́ríkà, láìgbé e lọ sílé aṣòfin. Ní 22 oṣù kẹfà 2017 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn ní kò bófin mu, ó fún ìjọba ní oṣù mẹ́ta kó gbé e lọ síbẹ̀ tàbí kó dá àwọn ọkùnrin náà padà.

Bẹ̀nẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Abala 147 òfin wọn ti 1990 ní àdéhùn tí wọ́n bá fọwọ́ sí bó ti yẹ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ga ju òfin abẹ́lé lọ, níwọ̀n bí ẹnìkejì náà bá ń mú tirẹ̀ ṣẹ. Nítorí náà, ìwé ECOWAS kan náà lè jẹ́ òfin ní Kútọnu, kó jẹ́ ìlérí ní Abẹ́òkúta. Òǹtàjà, ní Accra, òfin 2013 ni adájọ́ abẹ́lé yóò kọ́kọ́ ṣí.

ỌmọKétu
Mo kí gbogbo yín láti Kétu. Ẹ má gbàgbé pé níhìn-ín, ààlà ló wá bá èèyàn nílé. 10 oṣù kẹjọ 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ lórí tábìlì, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́hùn-ún, Kétu bọ́ síhìn-ín. Oko wà lápá kan, ilé wà lápá kejì. Fún irú wa, 90 ọjọ́ ò nítumọ̀. Òòjọ́ là ń kọjá.

Bàbá Oníkòkó béèrè ẹni tó ń tẹ̀ lé àdéhùn. Ọjọ́ keje oṣù keje 2019, ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọjà kan fún gbogbo Áfíríkà ní Niamey. Lóṣù kẹjọ, ó ti gbogbo bọ́dà ilẹ̀ pa. 16 oṣù kejìlá 2020 ló tó ṣí mẹ́rin: Sẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari, Mfun. Ìdìrókò kò ṣí títí oṣù kẹrin 2022. Tòmátì àti ọ̀pẹ̀yìnbó tó jẹrà ní Kraké, lápá Bẹ̀nẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, kì í ṣe ti oníṣòwò ńlá.

BàbáOníkòkó
Ọmọ Kétu, a kí yín o. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ńkọ́? Thailand ni ìrẹsì yẹn ti ń wá, wọ́n á já a ní Kútọnu, fàyàwọ́ á gbé e wọ̀lú. ECOWAS kò sọ pé ká gba ìrẹsì Thailand.

Lọ́yàÌbarà
Níbí, Bàbá, ẹ jàre ìdajì. Ọjà tí ó ń kọjá lófẹ̀ẹ́ nínú ECOWAS ni èyí tó jáde láti ilẹ̀ wa: ohun oko, tàbí ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe tí 60 nínú ọgọ́rùn-ún èròjà rẹ̀ jẹ́ ti agbègbè yìí, tàbí tí 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ kún un níhìn-ín. Ìrẹsì Thailand kò sí níbẹ̀. Nàìjíríà sì ti fòfin de gbígbé ìrẹsì gba ojú ilẹ̀ láti 2016, ó fi mọ́tò kún un ní oṣù kìíní 2017. Ìyẹn wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Ìdajì tẹ́ ẹ kò jàre: láti dá ìrẹsì dúró, ìrẹsì ni wọ́n ń dá dúró. Wọ́n ti ẹnu ọ̀nà pa mọ́ gàrí, mọ́ tòmátì, mọ́ ọjà ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ tó ń lọ Accra. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Gánà ń ti ṣọ́ọ̀bù ará wa pa lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, bọ́dà tí a tì wà nínú ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ohùn ìlú máa ń yí báyẹn: ẹni tó fẹ́ kí wọ́n lé àjèjì kúrò nílé rẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ẹrù òun kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìfẹ̀
Ọ̀rọ̀ àṣẹ orílẹ̀-èdè lórí ara rẹ̀ tí Bàbá ń sọ, ẹ wo Mali, Burkina Faso àti Niger. 28 oṣù kìíní 2024 ni wọ́n kéde pé àwọn ti jáde kúrò ní ECOWAS lójú ẹsẹ̀. Abala 91 ìwé ECOWAS tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 1993 sì wí pé ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ fi tóni létí lọ́dún kan ṣáájú. 29 oṣù kìíní 2025 ni ECOWAS tó gbà pé wọ́n ti lọ. Mauritania ti lọ ní tirẹ̀ láti 2000. Kò sí ẹni tó gbógun tì í.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jáde. ECOWAS ní kí àwọn tó kù ṣì máa gba páásípọ́ọ̀tù wọn tó ní àmì ECOWAS lára. Àwọn mẹ́ta náà sì ti kéde ní oṣù kejìlá 2024 pé ará ECOWAS kò ní gba físà wọ ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n bú ilé náà, wọ́n jáde, wọ́n sì di ìrìn láìgba físà mú, torí ọmọ wọn tó wà ní Abidjan pọ̀ jù ohun tí wọ́n lè kó wálé.

ỌmọPeckham
Ẹ kú ìjókòó o, láti Lọ́ńdọ̀nù. Lóṣù keje 2024, gbogbo Nàìjíríà gbóná lórí àdéhùn Samoa tí ìjọba bá European Union ṣe, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 28 oṣù kẹfà. Wọ́n ní owó tabua wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ gan-an, tó kan ọmọ yín tó gba Libya kọjá sí Ítálì, kò sẹ́ni tó sọ ọ́: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá lé kúrò ní Yúróòpù padà, wọ́n sì fi àfikún odindi kan sẹ́yìn ìwé náà lórí bí wọ́n ṣe máa dá wọn mọ̀ àti bí wọ́n ṣe máa fún wọn níwèé ìrìnnà. Kì í ṣe ohun tuntun pàápàá. Abala 13 ìwé Kútọnu tó ṣáájú rẹ̀, 23 oṣù kẹfà 2000, ti ní kí wọ́n gbà wọ́n láìsí ètò mìíràn. Odidi ọdún mẹ́rìnlélógún, a ò pariwo.

Fún àwọn tó wà ní Britain: Samoa kò kàn yín, torí Britain ti jáde kúrò nínú European Union. Tiyín ni ìwé tí Nàìjíríà àti Britain fọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2022.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìfẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn rán mi létí Gánà. Lóṣù kẹsàn-án 2025, Ààrẹ Mahama kéde pé àwọn gbà láti máa gba àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Amẹ́ríkà bá lé. Mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ ti dé, ará Nàìjíríà wà nínú wọn. Ẹ mọ àlàyé tó ṣe? Pé ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò nílò físà láti wọ Gánà. Oṣù méjì kò tíì pé dáadáa tí wọ́n gbé pátákó kiri pé ká máa lọ, ìwé kan náà ni wọ́n fi ń gbà wá wọlé. Àwọn alátakò nílé aṣòfin wọn sì fa abala 75 tí lọ́yà sọ yọ lójú ẹsẹ̀.

ỌmọṢọ̀ún
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìkan kù: bí wọ́n bá fẹ́ lé ẹnìkan lọ́la, kí ni kó ṣe ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé? Àlàyé tí ìyá tó ń ta aṣọ lè lò ni kẹ́ ẹ ṣe o.

Lọ́yàÌbarà
Kó kọ́kọ́ béèrè ìwé. Lílé tí wọ́n fi ẹnu sọ kò ṣeé gbé lọ sílé ẹjọ́. Kó ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: ìwé 1986 ka àwọn ìdí tí wọ́n fi lè lé ẹni tó ń gbélùú, bí ààbò ìlú, ìlera, tàbí pé kò ní ohun tí ìwé ìgbélùú béèrè mọ́. "Wọn ò fẹ́ yín mọ́" kò sí nínú wọn.

Tí wọ́n bá tì í mọ́lé, kó sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n pe ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà. Ìwé Vienna 1963 lórí ọ̀rọ̀ kọ́ńsúlù, abala 36, fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn. Kó ti ya fọ́tò ojú ìwé páásípọ́ọ̀tù tí òǹtẹ̀ wà, ìwé ìgbélùú, rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù àti ọjà, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé kí wọ́n tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ ẹrù rẹ̀ àti iye rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló pàdánù nítorí pé wọn ò lè sọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá. Láti 2005 ni ẹnikẹ́ni ti lè gbé ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀ tààrà, láìkọ́kọ́ rìn gba ilé ẹjọ́ abẹ́lé kọjá. Orílẹ̀-èdè nìkan ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ẹ kò lè pe òṣìṣẹ́ kan tàbí ẹgbẹ́ oníṣòwò kan. Ohun tí ẹ máa fi ṣe ìpìlẹ̀ ni abala 12 ìwé ẹ̀tọ́ Áfíríkà, kẹ́ ẹ fi abala 11 ti 1979 àti 13 ti 1986 tì í lẹ́yìn. Ìdájọ́ rẹ̀ de orílẹ̀-èdè náà. Ibi tó ti ń há ni ìmúṣẹ, torí ìjọba tí ẹ borí ni wọ́n ní kó mú un ṣẹ.

BàbáOníkòkó
Ẹ ṣé, lọ́yà. Èmi ò tíì yí ọkàn padà lórí ẹni tó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ Accra lọ́sẹ̀ yìí nílé mi, mo ti ní kó sọ̀kalẹ̀ gba òǹtẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ṣọ́jàSẹ̀mẹ̀
Bàbá, ẹ ní kó ka ọjọ́ ara òǹtẹ̀ náà kó tó kúrò lójú fèrèsé o. Wọ́n máa ń gbàgbé láti yí ọjọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ọjọ́ àná ló sì ń wà lára rẹ̀.